Kọ̀ǹpútà ò rí ẹ̀rí: ìyẹn ò ní kí ọmọ má jẹ́ ọmọ ìlú

Ìbéèrè: Mo ń fi Prolog, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó ń fi òfin àti ẹ̀rí ṣiṣẹ́, kọ ètò kan tí àwọn òbí wa ní London yóò máa fi mọ̀ bóyá ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, á sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ṣé ìbéèrè mẹ́rin tó?

Ìdáhùn: Ẹ fi iye ìbéèrè sílẹ̀ ná. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" yín ló léwu, irú rẹ̀ sì ti pọ̀ jù níta. Òfin 1981 tí ẹ fẹ́ kọ yìí, ìyẹn òfin jíjẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì (British Nationality Act), àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Marek Sergot, Robert Kowalski àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi ìlànà Prolog kọ ọ́, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1986. Kíkọ ọ́ kì í ṣe ìṣòro.

Ohun tí Prolog ò bá rí ẹ̀rí rẹ̀, irọ́ ló ń kà á sí. Ẹ wá àmì \+ (ìyẹn "kò rí ẹ̀rí pé") nínú kóòdù yín, ibẹ̀ ló wà. Ká ní ìyá kan fo ìbéèrè nípa bàbá ọmọ torí pé ìwé bàbá ò sí lọ́wọ́ rẹ̀: ètò yín á ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ìlú. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá! Abala 1(1) ní bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí tó fi ibẹ̀ ṣe ilé tó sì ti gba indefinite (ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke), lọ́jọ́ ìbí ọmọ, ó ti tó. Ìdáhùn kẹta ni ẹ nílò: "Mi ò tíì lè sọ, ẹ lọ mú ìwé báyìí wá."

Abala 1(2) nìkan ni mo lè ní kí ẹ fi \+ sí. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá he níbẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kà á sí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí òbí rẹ̀ sì yẹ, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsí ẹ̀rí ń gbe ọmọ náà ni; nínú ètò yín, ó ń pa á lára.

Ẹ so ọjọ́ mọ́ gbogbo nǹkan. Ìyá tó gba indefinite ní oṣù Karùn-ún, tó sì ti bímọ ní oṣù Kẹta, ìwé rẹ̀ ò ràn ọmọ lọ́wọ́ lábẹ́ 1(1). Abala 1(3) ló kù, ìyẹn fíforúkọ sílẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje 2006, tí òbí rẹ̀ ò ṣègbéyàwó, òfin ò wo ìwé bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́ra wọn lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Bó bá jẹ́ ìdána nílé nìkan ni wọ́n ṣe, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá a. Ẹ ní kí wọ́n lọ rí agbẹjọ́rò.

Ẹ kọ nọ́ńbà abala sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí òbí lè rí ohun tó fa ìdáhùn.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò bóyá ẹ nílò àṣẹ. Lábẹ́ òfin ìwọ̀lú wọn ti 1999 (Immigration and Asylum Act), fífún ènìyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí bí iṣẹ́ láìgbàṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.