Ṣé kí n dáwọ́ ẹran jíjẹ yìí dúró ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti pa ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà tì, ẹran àti ẹyin nìkan ni mò ń jẹ. Mo ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ orí ń fọ́ mi, ìgbẹ́ ò sì yá mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má fòyà. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ fi fúyẹ́ yẹn, torí ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù 1 ẹ̀ máa ń di omi bíi gíráàmù 3 mú, tó bá ti tán omi yẹn á bá ìtọ̀ lọ, iyọ̀ á tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti sábà máa ń wá. Ẹ máa mumi dáadáa. Ti ìgbẹ́ yẹn, kò sí fáíbà, ìyẹn èròjà inú ẹ̀fọ́ tó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yá, kankan nínú ẹran, ẹ dá ẹ̀fọ́ padà jàre, mi ò tiẹ̀ rí ìdí tẹ́ ẹ fi pa á tì. Èyí tó ń kó mi láyà sókè jù ni pé tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, pàápàá insulin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rí dókítà yín lónìí, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.