Ṣé àyà ni ẹ̀rù ń gbé àbí ọpọlọ?

Ẹnì kan bi mí pé ṣé àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórúkọ ò mọ̀ nípa ọpọlọ ni, tí wọ́n fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù sí àyà. Ìbéèrè gidi ni, torí ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń rò ó.

Ẹ wo "fòyà" ná, fò àyà ni, pé àyà ẹni fò. Akínkanjú wá ni ẹni tó láyà. Ká má tíì sọ àyà mi já, àyà mi là gààrà. Ọkàn gan-an, nǹkan tó ń lù kìkì láyà là ń pè bẹ́ẹ̀, òun náà la tún ń pe ibi tá a ti ń ronú, a ò yà wọ́n.

Òótọ́ ni pé ọpọlọ wà ńbẹ̀ o. Amygdala, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ lápá ọ̀tún àti òsì, máa ń tètè fura sí ewu, tó bá ti fura báyìí adrenaline, oje ara tó ń múni gbára dì, á tú sára, ọkàn á máa sáré, ẹnu á gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn. Èèyàn á wá rò pé ọpọlọ ń pàṣẹ, àyà kàn ń jẹ́ iṣẹ́ ni. Àmọ́ lọ́dún 2023 Karl Deisseroth, oníṣègùn àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ mú kí ọkàn eku máa lù ní ìwọ̀n ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí kò séwu, eku ò kà á sí. Gbé e síbi tó ga tó sì ṣí sílẹ̀ gbangba báyìí, kò fẹ́ jáde mọ́, ìdí ògiri ló ń rá mọ́. Ìgbà tí wọ́n pa apá kan ọpọlọ tó ń jẹ́ insula lẹ́nu mọ́, ẹ̀rù yẹn dín kù. Àyà ń mú ìròyìn wá, ọpọlọ ń túmọ̀ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó bá ara ẹ̀, àwọn tó ń sọ pé àyà ń já wọn ò parọ́ rárá.

Èyí tó ká mi lára jù wá nìyí. A máa ń sọ pé "mò ń ṣàníyàn", bí ẹni pé èèyàn ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ fún aláìsàn pé má ṣàníyàn mọ́ jàre. Ṣùgbọ́n "ẹ̀rù ń bà mí", ẹ̀rù ló ń ṣe é, èèyàn ló ń bà. Àìsàn àníyàn, ti ẹ̀rù yẹn ló jọ, kò sẹ́ni tó jókòó yàn án.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan fún àìsàn àníyàn, "ọkàn mi ò balẹ̀" ni màá mú. Bíi ẹyẹ tó ń fò káàkiri lóru, tí kò séwu kankan nílẹ̀, síbẹ̀ tí kò ríbi bà sí.