Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fótò Igbó àti Odò Nígbà Ọyẹ́ àti Nígbà Òjò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú oṣù kìíní, mo gun àpáta kan lẹ́yìn ìlú kí n lè ya fótò Òṣogbo láti òkè, ṣùgbọ́n ńṣe ni gbogbo rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sójú kámẹ́rà. Ṣé kámẹ́rà mi ló bàjẹ́ ni? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Fíà*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà rẹ. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ló dúró láàárín ìwọ àti ìlú tí o fẹ́ yà. Bí ohun tí ò ń yà bá ṣe jìnnà tó ni eruku náà yóò ṣe pọ̀ tó, kò sì sí lẹ́ńsì olówó gọbọi tó lè là á kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé nígbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi sún mọ́ nǹkan. Ewé tíìkì kan ṣoṣo tó ti gbẹ, tó ká kò bí ọwọ́ arúgbó, tí eruku sì jókòó sínú iṣan rẹ̀, sàn lójú mi ju fótò òkè mẹ́wàá lọ.

Bí o bá fẹ́ ya ohun tó jìnnà dandan, má bá eruku náà jà, lò ó. Jí kí oòrùn tó yọ, wá ibi tí igi ti tò tẹ̀ lé ara wọn, kí o sì kọjú sí ìlà-oòrùn: igi iwájú yóò dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e yóò rí bí eérú, ti ẹ̀yìn pátápátá yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àràbà tó ti wọ́wé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún èyí, nítorí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ló máa ń hàn. Má ṣe yọjú wo oòrùn láti inú ihò kámẹ́rà o, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ti sọ ọ́ di funfun bí owó ẹyọ. Wọn kì í ta ojú lọ́jà Ìgbọ̀nà. Má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì ní ìta lásìkò yìí, torí eruku tó bá wọnú kámẹ́rà yóò di àmì dúdú sójú ọ̀run nínú fótò rẹ.

Ìbéèrè: Fóònù ni mo fi ń ya fótò. Mo rí àwọn lékeléke lẹ́yìn màlúù ní ọ̀nà Ìkìrun, àmọ́ nínú fótò, wọ́n dà bí bébà funfun tí kò ní ìyẹ́. — *Olùkọ́ afẹ̀yìntì, Òkè-Baálẹ̀*

Ìdáhùn: Ìyá wa, gbogbo ojú àwòrán ni fóònù máa ń wò pọ̀. Nígbà tó bá rí koríko tí iná ti jó dúdú, yóò rò pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò sì mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi ìka tẹ ara ẹyẹ náà lójú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan yóò yọ, kí ẹ fà á wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìyẹ́. Kò burú bí koríko bá dúdú sí i. Ẹ tètè ṣe é, nítorí bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ lékeléke á ti gba òkè ọya lọ.

Ìbéèrè: Láti oṣù kẹrin di oṣù kẹwàá, kámẹ́rà mi kì í jáde nítorí òjò. Ìyàwó mi ní owó ni mo sọ nù. Kí ni mo lè yà? — *Ọ̀gbẹ́ni kan, Ayétòrò*

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ló jàre. Bí wọ́n bá ní kí n mú àsìkò kan ṣoṣo, ti òjò ni n ó mú. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn tó ń gba àárín ewé wọlé máa ń sọ ilẹ̀ Igbó Ọ̀ṣun di tótòtó bí awọ ẹkùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, odò àti gbòǹgbò yóò hàn dọ́gba, ewé tí òjò fọ̀ yóò sì máa dán. Igbó náà, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, igi rẹ̀ sì dí, nítorí náà inú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn. Fún ọ̀bọ tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ẹ gbé ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ kámẹ́rà, sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sì gòkè dé 1600. Fún odò, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí ṣọ́tà ṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, omi pupa náà yóò sì dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rinrin ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo sun inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ mọ́jú nígbà kan, mo gbé kámẹ́rà lọ sétí odò ní ìdájí, ni lẹ́ńsì bá ń làágùn bí ìgò mínírà. Mo fi etí bùbá nù ún, ó tún làágùn, títí àwọn ẹyẹ fi lọ tán. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi í sílẹ̀ nínú báàgì tí mo ti sé pa, fún bí ààbọ̀ wákàtí ní ìta, kí n tó ṣí i. Nílé, ẹ kó àwọn àpò kékeré afami-mu tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú báàgì kámẹ́rà, kí lẹ́ńsì má baà bu bíi búrẹ́dì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa ya fótò kiri nínú Igbó Ọ̀ṣun láìbéèrè? — *Òǹkàwé kan*

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣamọ̀nà yín ní ojúbọ kọ̀ọ̀kan.