Kí nìdí tí àwọn ẹ̀yà Roma, àwọn ènìyàn kan tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní Yúróòpù, fi ń ṣe àjọyọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin?

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń rántí ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ tí àwọn aṣojú ẹ̀yà Roma ṣe nítòsí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1971, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí àsíá wọn, èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù lókè àti àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, pẹ̀lú àgbá kẹ̀kẹ́ pupa láàárín. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Pólàǹdì ní ọdún 1990 ni ó sọ ọ́ di àjọyọ̀ àgbáyé.

Àríwá Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá sí Yúróòpù. Lójú tèmi, ayẹyẹ orin àti ijó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá àwùjọ gba àwọn ẹ̀yà Roma mọ́ra ní tòótọ́. Ní ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ pé Orílẹ̀-èdè Czech hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn ọmọ Roma, nítorí pé wọ́n ń kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé.