Ṣé Mo Lè Ṣépè fún Olórí Tó Ń Ba Ìlú Jẹ́?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Àlùfáà. Olórí tó ń kó owó ìlú jẹ, tó ń ju ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sẹ́wọ̀n, ṣé mo lè ṣépè fún un? Bí lèmọ́mù bá sì ń ṣàdúà fún un lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé kí n ṣàmín?

Ìdáhùn: Wà àlékùm sàlámù, arábìnrin mi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa ẹni tí wọ́n ń ni lára lẹ́nu mọ́. Nínú súrà An-Nisa, áyà 148, Ọlọ́hun ní Òun kò fẹ́ ariwo ọ̀rọ̀ burúkú, àfi láti ẹnu ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń rán Muadh lọ sí Yemen, ó ní kó ṣọ́ra fún àdúà ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí, torí kò sí gàgá láàárín rẹ̀ àti Ọlọ́hun. Ẹ wò ó, aṣojú tí Ànábì fúnra rẹ̀ yàn ló ń kìlọ̀ fún!

Torí náà, ẹ fẹjọ́ ọkùnrin náà sun Ọlọ́hun. Ìyá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀yà rẹ̀ ni kí ẹ má kó mọ́ ọn. Àbòsí mìíràn nìyẹn.

Èpè kọ́ ló sì yẹ kó ṣáájú. Firiaona ń pa ọmọ ọwọ́, síbẹ̀ Ọlọ́hun ní kí Musa àti Harun fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ (Ta-Ha, 44). Ìgbà tó kọ etí ikún tán ni Musa tó tọrọ pé kí ọrọ̀ Firiaona àti àwọn ìjòyè rẹ̀ pa run (Yunus, 88).

Ní ti àmín, bí lèmọ́mù bá ní kí Ọlọ́hun tọ́ ọ sọ́nà, ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Fudayl bin Iyad, àlùfáà ayé àtijọ́ kan, pé bí òun bá ní àdúà kan ṣoṣo tó máa gbà, aláṣẹ lòun máa ṣe é fún, torí bó bá dáa, ó dáa fún gbogbo ìlú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni lèmọ́mù ń pe olórí náà ní olódodo, ẹ dákẹ́. Orí mímbárì kì í sọ irọ́ di àdúà.

Ẹ ò bi mí léyìí o, àmọ́ òun ló ń bà mí lẹ́rù jù: súrà Hud, áyà 113, ní kí á má fara ti àwọn alábòsí, kí iná má baà kàn wá. Ránṣọránṣọ kan tó ń ránṣọ fún aláṣẹ bi àlùfáà kan bóyá òun wà lára olùrànlọ́wọ́ alábòsí. Àlùfáà ní, "Ìwọ ti di alábòsí gan-an. Ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú fún ọ ni olùrànlọ́wọ́." Ó le, èmi ò sì ní dá gbogbo ránṣọránṣọ lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tó ń buwọ́ lùwé tí wọ́n fi ń kówó ìlú lọ lọ́sàn-án, tó ń ṣépè fún olórí lóru, kó kọ́kọ́ gbé kálàmù yẹn sílẹ̀.