Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Yẹ́lò Káàdì Tí Wọ́n Ń Tà Ní Gáréèjì Ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o Nọ́ọ̀sì. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ta aṣọ, mo fẹ́ lọ ra ọjà ní Accra lópin oṣù yìí, mọ́tò ni mo máa wọ̀ láti Mile 2 gba Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní gáréèjì ní òun á bá mi ṣe yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever), lójú ẹsẹ̀, mi ò ní gba abẹ́rẹ́ kankan, orúkọ mi àti owó lòun ń fẹ́. Mo ní èyí tí mo gbà ní 2012 nígbà tí mo lọ Dubai, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i, ṣé kò tíì kú? Ọmọ mi tó jẹ́ oṣù méje náà ń bá mi lọ. — Oníṣòwò, Ìdúmọ̀tà

Màmá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọ̀gbẹ́ni yẹn ní kọ́bọ̀. Inú máa ń bí mi gan-an tí mo bá gbọ́ irú eléyìí, torí ìyà lẹni tó ń ta káàdì láìgún abẹ́rẹ́ ń tà fún yín. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, irú ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan, inú omi tó mọ́ ló sì máa ń yé sí, irú èyí tá a máa ń pọn sínú dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì torí iná àti omi ò dúró, àti inú táyà tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé, ẹ wá wò ó, èwo nínú ẹ̀ ni kò sí l'Ékòó? Àrùn náà máa ń kọlu ẹ̀dọ̀, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn míì á máa bì ẹ̀jẹ̀, kò sì sóògùn tó ń pa á, ohun tí dókítà lè ṣe ò ju pé kó máa fi omi àti ìtọ́jú gbé èèyàn ró. Láti September 2017 tó ti tún bẹ́ sílẹ̀ ní Kwara, ó ti dé ìpínlẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà tí àwọn ará Gánà bá ń béèrè káàdì lọ́wọ́ wa, kì í ṣe pé wọ́n ń yọ wá lẹ́nu.

Ní ti káàdì 2012 yẹn, ó ṣì wà láàyè! Láti July 11, 2016 ni wọ́n ti yí òfin yẹn padà káàkiri àgbáyé, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ayé, kódà tí wọ́n bá kọ ọdún mẹ́wàá sórí káàdì. Ẹ ò ní gba òmíràn. Ṣùgbọ́n láti 2019 ni Nàìjíríà ti ń lo káàdì tuntun tó ní QR code, ẹ mú ti àtijọ́ yẹn àti páàsípọ́ọ̀tù lọ bá àwọn Port Health, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba tó ń bójú tó ìwé abẹ́rẹ́ àwọn arìnrìn-àjò, kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì gbà á rí, ó kéré tán kó gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò, torí káàdì ò ní ṣiṣẹ́ ṣáájú ìyẹn. Tí èèyàn bá lóyún, tàbí tí ẹyin kì í bá a lára mu, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́.

Ọmọ yẹn ò nílò ẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án sókè ni Gánà ń béèrè, oṣù mẹ́sàn-án náà la sì ń gún un níbí, pẹ̀lú ti èéyí, lọ́fẹ̀ẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba. Ẹ ṣáà mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ẹ̀ dání.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́wàá, a lọ sìnkú nílé, kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní èèyàn ò pọ̀ tó fún abẹ́rẹ́ èéyí, kí n padà wá ní Tọ́sìdeè. Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ni? Ojú ń tì mí. — Ìyá ọmọ, Bàríga

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àṣeyẹ òkú. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín rárá. Kò sí pé a ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá a dé lẹ máa ti tẹ̀síwájú, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ Tọ́sìdeè yẹn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Lúbúlúbú ni abẹ́rẹ́ èéyí nínú ìgò kékeré, ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan sábà máa ń tó, tá a bá ti po omi mọ́ ọn, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó ọmọ jọ sọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe dá yín padà lọ́wọ́ òfo o! Pẹ́ńtà, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tí ọmọ yín ò gbà, kì í ṣe lúbúlúbú, a lè ṣí i lónìí ká fi sínú fíríìjì, ká ṣì máa lò ó títí di ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó yẹ kí wọ́n ti gún un fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, ikọ́ ahúbì àti ipá (tetanus) wà lára àwọn àrùn tó ń dènà. Ní Tọ́sìdeè, ẹ gbé káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ síwájú wọn, ẹ nàka sí àyè tó ṣófo, kí ẹ sọ pé gbogbo èyí tó yẹ lẹ fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan náà, kò léwu. Tára ẹ̀ bá gbóná lálẹ́, parasítámọ́ọ̀ ọmọdé ni, ẹ má fi Robb tàbí omi gbígbóná ra itan ẹ̀.

Bàbá mi ń lọ Hájì, abẹ́rẹ́ wo ló ṣe dandan? — Ọmọ Mushin

Lára àwọn tó ṣe dandan ni ti yírùnyírùn (meningitis), èyí tí wọ́n ń pè ní ACWY, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó dé Saudi, àti ti ibà pọ́njú tí wọn ò bá tíì gbà á rí. Ẹ rí i pé ACWY ni wọ́n kọ sí ìwé náà pẹ̀lú déètì, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni Saudi ń gbà á mọ, irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún fún wọn ló máa sọ, nítorí náà tí bàbá bá ti lọ rí, ẹ wá ìwé àtijọ́ yẹn jáde ká wò ó.