Èsì: Ẹ má tì í mọ́lé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè fi tramadol, oògùn apàrora tó ti di bárakú fún un, sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Tí ẹ bá já a gbà lójijì, òógùn á bò ó, ìgbẹ́ gbuuru á máa ṣe é, egungun á máa ro ó, kò sì ní rí oorun sùn. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun ọ̀kadà ń lò ó kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà kan. Lóru ọjọ́ kejì, ìrọ̀rí rẹ̀ ti rin gbindin, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ gan-an ló padà sídìí ẹ̀.

Tramadol oníwọ̀n 225 mílígíráàmù tí ẹ rí lápò rẹ̀ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Kò sí nínú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. 50 àti 100 ni wọ́n fọwọ́ sí. Tó bá pọ̀ lára, ó ń fa gìrì.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, tàbí ti Yábàá tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà. Dókítà á mọ bí wọ́n ṣe máa bá a fà á kúrò lára rẹ̀. Kó sọ iye tó ń lò gan-an, àti bóyá ó ń fi ọtí tì í. Ẹni tí kò ní bú u lójú ọ̀nà ni kó sìn ín lọ.